Èèyàn Mi Ni

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, mo tò sẹ́yìn ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀.

"Mo ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé lọ́yà ni ọ́. Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn là ń gbẹnu sọ fún. À ń bẹ àwọn aṣòfin ibẹ̀ kí wọ́n ṣòfin tí àwọn àlejò náà yóò fi ríbi gbé, tí wọn yóò fi ríṣẹ́ ṣe."

"Ṣé wọ́n ń gbọ́?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ogun ló lé bàbá bàbá mi wọ Ìbàdàn. Jagunjagun kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló mú un dé iwájú olóyè, tó ní, 'Èèyàn mi ni.' Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe fún un nílẹ̀ tí à ń gbé dòní. Iṣẹ́ rẹ ju lọ́yà lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, n ó tún un sọ fún wọn."

Bí wọ́n ṣe ṣe tán, akọ̀wé fẹ́ ti fèrèsé mọ́ mi lójú, ó ní òun ń lọ jẹun. Ìyá náà yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn. Èèyàn mi ni."