Àga Irin tí Mo Ṣe fún Ferdilia

Ẹ gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin ará Anse Kokoyé, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun ju ikọ́ yìí lọ, n ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ferdilia, ìyàwó mi, má ní kí wọ́n gbé ọ lọ. Jókòó níbẹ̀ lórí àga irin tí mo ṣe fún ọ. Ìwọ gan-an ni mo ṣẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ Ferdilia ò ṣiṣẹ́ mọ́ látọjọ́ tí ìjì líle ti wó igi lù ú. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń jókòó ju ọta irin, bọ́ọ̀lù wíwúwo tí wọ́n fi ń díje, tí yóò fò kọjá àwọ̀n àwọn apẹja. Nígbà tí erékùṣù wa fẹ́ lọ síbi ìdíje àgbáyé àwọn akanda ẹ̀dá fún ìgbà àkọ́kọ́, òun nìkan ni wọ́n mú. Èmi ajórinmọ́rin ni wọ́n ní kí n ṣe àga tí yóò jókòó lé. Misis Laronde tó ń kọ́ ọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Ọ̀gá Ignace, ẹ jọ̀ọ́ o, àwọn adájọ́ ìdíje máa ń wọn gíga tìmùtìmù mọ́ ti àga ni. Ẹ má jẹ́ kó ga ju bí òfin ṣe wí lọ.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo kúkú gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ọtí ò jẹ́ n gbádùn. “Ignace, ìyàwó ẹ ti di ìyàwó ìlú o! Tó bá rí bí ayé ṣe rí lọ́hùn-ún, ṣé ẹja oníyọ̀ ẹ ló máa padà wá jẹ?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mò ń gbé e lọ wẹ̀, tí mò ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe? Mo bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ àga náà gùn ju ìwọ̀n lọ, kí wọ́n lè kọ̀ ọ́, kí aya mi lè padà sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dájú ni mí. Mo tún fi àwọ̀ àsíá wa kùn ún. Ferdilia fọwọ́ pa á, ó ní, “Ignace mi, o ṣeun. Àfi bíi pé à ń lọ pọ̀.”

Lọ́hùn-ún, wọ́n wọn àga, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n yá a ní òmíràn tí kò bá ara rẹ̀ mu, ìdí rẹ̀ ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bó ṣe ń ju ọta náà, ó sì gbẹ̀yìn. Nígbà tó dé, tí àwọn ènìyàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, “Ọwọ́ ọkọ mi kì í ṣìnà. Misis Laronde ni ò sọ òfin fún un.” Misis Laronde wò mí lójú: “Ọ̀gá Ignace, ṣé n ò sọ fún yín ni?”

Mo ní, “Ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi.”

Ferdilia ò kí Misis Laronde mọ́ títí ìyá náà fi kú. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Èmi ni aṣeni ọ̀hún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, bí ìyàwó yín bá fẹ́ ga, ẹ má bẹ̀rù. Ferdilia, dárí jì mí. Kí ló dé tó o fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga yẹn? Ẹ bá mi dì í mú. Ferdilia, má jókòó sílẹ̀, ilẹ̀ yẹn tutù.