Ojú Bàbá Ọlájídé Tí Mo Gbé Lọ sí Bánkì

Ẹ̀yin ará àdúgbò Albarika ní Parakou níbí, ẹ̀yin ìjọ wa, àti ìwọ Modúpẹ́ ọmọ Bàbá Ọlájídé, òní ni mo fẹ́ tú u sílẹ̀ kí ẹnu mi tó dí. Orí ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ ìwé yìí. Mo ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyábọ̀ ìyàwó mi ní, "Bàbá Adéọlá, ẹ jókòó, ẹ̀yin nìkan lẹ ń kọ ìwé bí ẹni tó ń retí mọ́tò." Àga ò gbà mí ni. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa la ikùn mi ní ọsibítù. Dókítà ò sọ pé ó le, kò sì sọ pé ó rọrùn. Ó kàn rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n máa jẹ ohun tó bá wù mí. Ẹ̀rín yẹn ló já mi láyà. Tí mo bá kú sọ́hùn-ún, owó kan wà ní kéèsì, ilé ìfowópamọ́ àwọn àgbẹ̀ lẹ́bàá ọjà Arzèkè, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbà mọ́, nítorí ojú mi ló wà lórí káàdì rẹ̀, orúkọ òkú ló sì wà lábẹ́ ojú náà. Bó ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé tí Àkànní télọ̀ bá ti la ẹnu, ẹ̀rín lẹ máa ń mú wá pàdé rẹ̀.

Ẹ rántí Bàbá Ọlájídé, ọmọ Ṣábẹ̀, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lu tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Modúpẹ́ wà nílé ọkọ ní Ìdàáṣà, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì wà ní bánkì ìjọba kan láàárín ìlú. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni bánkì náà máa ń fi ìwé ránṣẹ́, èmi ni mo sì máa ń kà á fún un, torí pé dígí ojú rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́ mọ́.

"Kí ni wọ́n tún yọ?"

"Owó ìtọ́jú ni, Bàbá."

"Ta ló ń ṣàìsàn nínú ẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ń bá yín ṣọ́ ọ ni."

"Èmi náà ṣọ́ ẹrù èèyàn nínú ọkọ̀. Tí mo bá bu gààrí nínú àpò ẹlòmíì pé mò ń bá a ṣọ́ ọ, ṣé wọn ò ní tì mí mọ́lé?"

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wá dá kéèsì tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ní èèyàn á san owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kan, ó parí, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ mọ́, Bàbá ní òun ń kó lọ. Ẹnu rọrùn. Bánkì ní àfi kí olówó gbé ojú ara rẹ̀ wá, pẹ̀lú káàdì tó ní fọ́tò. Bàbá fi ẹsẹ̀ tó wú bí iṣu lọ nígbà mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo òṣìṣẹ́ bánkì, pẹ̀lú táì lọ́rùn, ti lọ ro àgbàdo lóko ìjọba, torí pé ayé ìjọba ológun tó ń pe gbogbo aráàlú ní kámárádì la wà nígbà náà, oko ò yọ akọ̀wé sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dé ojú fèrèsé, wọ́n ní aago méjìlá ti lù. Ó padà wálé, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí mi, ó ní, "Àkànní, ìwọ tó ń ṣe gbogbo ayé lórí ìtàgé, o ò lọ bá mi ṣe èmi?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣábẹ̀ láti lọ tọ́jú ẹsẹ̀ náà, ó sì fi kóòtù aláwọ̀ eérú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n bá a tún inú rẹ̀ rán. Káàdì bánkì wà nínú àpò kóòtù náà. Títí di òní, n ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé rẹ̀ ni, tàbí ó fọkàn tán mi. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ̀bi mi ò dín kù.

Ẹ sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò wa, gbogbo ẹni tí ìjọba bá ń bínú sí, èmi ni wọ́n ń ní kí n ṣe: olówó oníkùn ńlá, baálé òǹrorò, oníṣòwò tó ń kó iyọ̀ pamọ́. Mo ti ṣe ọ̀tá ìlú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń sọ mí lókùúta lọ́nà ilé. Mo sọ fún Ìyábọ̀ pé mo fẹ́ lọ gba owó Bàbá kúrò lẹ́nu bánkì kí wọ́n má bàa yọ mìíràn, pé tó bá fi máa dé, á bá a ní kéèsì, inú rẹ̀ á dùn. Òótọ́ ni, ó fi díẹ̀ kù. Ẹnì kan ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní Banikanni, ojú mi sì ti wà lára ẹ̀rọ náà láti oṣù méjì. Mo ní màá kọ́kọ́ yá nínú owó náà. Ẹ gbọ́ ẹnu olè: yíyá. Ta ló yá mi?

Ìyábọ̀ fi tìróò fa pélé mẹ́ta mẹ́ta, irú ti Bàbá, sí mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń wo fọ́tò káàdì, ó ń wò mí, ó fa á gún régé. Fọ́tò náà ti lé lógún ọdún. Mo wọ kóòtù, mo fi fìlà bo irun, mo wọ dígí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ará àdúgbò mẹ́rin kí mi ní "Bàbá Ọlájídé, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Kí n má purọ́, orí mi wú.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣùáíbù, ọmọ Bàrìbá, ló wà lójú fèrèsé bánkì. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. "Bàbá, ẹ ò darúgbó." Mo wúkọ́ dá a lóhùn. Ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ kó lọ, mo ní owó tí wọ́n ń yọ ni, kéèsì kì í yọ, ibẹ̀ ni mò ń lọ tààrà. Ó mi orí, ó gbé owó jáde. Ọwọ́ mi ti kan ìdì àkọ́kọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Bàbá Ọlájídé fúnra rẹ̀ wọlé. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí òun tó dé ilé, òun á kọ́kọ́ yà bi bánkì bóyá wọ́n lè dúró de òun títí òun á fi lọ mú káàdì wá. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ṣùáíbù ní, "Ọlájídé ló dúró tì yín yẹn."

Bàbá yíjú. Kóòtù rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo ojú mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ mi, ó rọra fi èdè ilé wa sọ ọ́ tí Ṣùáíbù ò lè gbọ́: "Àkànní, o ṣe é jọ." Ilẹ̀kùn àbáyọ nìyẹn, ó ṣí i fún mi gbayawu. Ká ní mo bá a rẹ́rìn-ín ni, ká ní mo ṣí fìlà ni, gbogbo bánkì ì bá rẹ́rìn-ín, Ṣùáíbù ì bá bú mi díẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n owó wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo fi ohùn Bàbá gan-an, ohùn tó fi ń pe orúkọ ìlú nínú ọkọ̀, mo ní, "Ta ni bàbá yìí?"

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni Ọlájídé." Ṣùáíbù mú káàdì, ó ń fi wá wéra. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: pélé tèmi dúdú, ó hàn, bó ṣe wà nínú fọ́tò ló ṣe wà. Ti Bàbá, tí wọ́n fi abẹ fà fún un ní ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ti rì sínú ara híhunjọ. Ṣùáíbù ní, "Bàbá, tiyín dà?" Bàbá gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń fi ìka wá a, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mìlísì kan, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba kó ìbọn fún, dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní ìwọ tó o fẹ́ ja bánkì àwọn aráàlú lólè, wàá sọ ẹni tó rán ọ níṣẹ́. Ìgbà yẹn ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára mi. Mo rí i pé Bàbá ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, níbi tí tìróò ti ń yọ́ bọ̀. Kó kàn na ìka kan, kó nù ún, ọdún mélòó ni ǹ bá fi ṣẹ̀wọ̀n. Kò na ìka. Ó kọjú sí ọmọ mìlísì náà, ó tú ètè sílẹ̀, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Orí àgbà ló dàrú. Mo rò pé èmi ni Ọlájídé ni." Wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n tì í jáde. Ọ̀pá rẹ̀ ṣubú. Èmi ni mo sún mọ́ ọ̀pá náà jù. N ò mú un.

Ṣé owó wá bọ́ sí mi lọ́wọ́? Rárá o. Ṣùáíbù bẹ̀ mí fún ìtìjú tó bá mi, ó ní kí gádíyàn tó ń ṣọ́ bánkì tẹ̀lé "Bàbá" dé kéèsì, kí ẹlòmíì má bàa dá mi lọ́nà. Gádíyàn náà ò fi mí sílẹ̀. Ó dúró títí wọ́n fi kọ orúkọ Ọlájídé, títí oníyàwòrán ẹnu ọ̀nà fi ya ojú mi, pélé tó ti yọ́ dé àgbọ̀n, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì kéèsì. Ó kí mi, ó lọ. N ò lè gba owó náà láìkun ojú, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tún kùn ún. Bàbá náà ò lè gbà á, ojú rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo jí orúkọ èèyàn, n ò sì rí tọ́rọ́ jẹ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá wá gba kóòtù rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú igi ìlé-tìróò tí mo gbàgbé síbẹ̀ jáde, ó gbé e sórí tábìlì mi. "Ti ìyàwó rẹ nìyí." Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ bánkì títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ìtòsí wa ni Ṣùáíbù ń gbé. Tó bá ti rí i, á ní, "Bàbá, ta ni yín lónìí?" Bàbá náà á dáhùn pé, "N ò tíì rántí." Eré tó bẹ̀rẹ̀ nítorí mi, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́, kí n má bàa dèrò ẹ̀wọ̀n. Àdúgbò gbà pé orí rẹ̀ ti yí. Modúpẹ́ sáré wá láti Ìdàáṣà, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ṣé lóòótọ́ ni?" Mo ń ran bọ́tìnnì. N ò gbójú sókè. Mo ní, "Ọjọ́ ogbó ni, Modúpẹ́." Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní bánkì, ojúkòkòrò ló dì mí lójú. Níbí, ojú mi mọ́ kedere. Ó mú bàbá rẹ̀ lọ sí Ìdàáṣà, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má bàa ṣìnà, ẹni tó mọ gbogbo ibùdókọ̀ láti òkun dé Parakou. Ọdún méjì ló lò nínú yàrá yẹn kó tó kú.

Lóṣù yìí, bánkì náà ti ilẹ̀kùn, kò sì ṣí i mọ́. Modúpẹ́, tó ti wá ń ṣòwò lọ́dọ̀ wa níbí báyìí, wà lára àwọn tó ń sunkún níbẹ̀, torí owó ọjà rẹ̀ há sínú. Mo bá a dúró. Ó ní, "Bánkì tó ya bàbá mi ní wèrè ti kú, ó tún gbé mi lọ." Ìyábọ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kun ojú lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gba owó Bàbá, kí n fún Modúpẹ́ bí ẹni ṣàánú. Gbogbo ìjọ á gbóríyìn fún mi. Láàárọ̀ yìí, mo kùn ún. Mo wo dígí. Ara mi ti ru, ojú mi ti hunjọ, tìróò náà ń rì sínú ìhunjọ bíi tirẹ̀ gan-an. Mo rí i tó ń wò mí. Mo fi ọṣẹ fọ ojú títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi bó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ bá rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ bọ́ kóòtù rẹ̀ fún un. Ẹ má dúró wo ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ yín.

Modúpẹ́, ọ̀la ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wá bá mi lẹ́nu kéèsì. Mú ìwé ikú bàbá rẹ dání. Tó o bá fẹ́, mú ọlọ́pàá dání. Màá gbé káàdì náà síwájú wọn, màá sọ ẹni tó ni orúkọ àti ẹni tó ni ojú. Wọn ò yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Darí jì mí tó o bá lè ṣe é, tó ò bá lè ṣe é, gba owó náà ná. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣeré níwájú yín, ẹ sì ń pè mí ní ọ̀gá. Ẹ̀yin ò rí eré tí alùtíkẹ́ẹ̀tì kan ṣe, láìkun ojú, tó ṣe é títí ó fi kú, tí ọmọ rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Orí bàbá rẹ pé, Modúpẹ́. Kò fìgbà kan dàrú.