Mo Mọ Ohun Tó Pa Rájí

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o, nítorí àyà mi kò gbà á mọ́. Wọ́n ń pe ìyá arúgbó kan ní àjẹ́ ní Mafoluku. Mo mọ̀ pé kò mọwọ́mẹsẹ̀, síbẹ̀ mi ò lè lanu.

Rájí, ọmọ ìyá náà, lọ̀rẹ́ mi. A jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ abọ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀ ni. Ó tínrín, ó yára, ẹni tó bá rí i kò ní rò pé àìsàn mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Àmọ́ sìgá kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọ ẹran díndín tí òróró ń kán lára rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé tó bá ti ru ẹrù gun àtẹ̀gùn, á dúró, á fọwọ́ tẹ àyà. "Oúnjẹ ló dúró sí mi láyà," ló máa ń wí. Ọjọ́ tí ìrora náà gba apá òsì títí dé àgbọ̀n rẹ̀, èmi ni mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù.

"Ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn yín," dókítà sọ fún un lójú mi. "Ó ti pẹ́ tó ti ń nípọn sí i, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há. Tí ọ̀rá náà bá ya lójijì, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, á dí ọ̀nà pa. Ẹ lo oògùn yìí, ẹ pa sìgá tì, kí ẹ sì tètè padà wá."

Bí a ṣe jáde, Rájí di ọwọ́ mi mú, ó ń ro ti ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Fárídà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀rù á bà á. Búra pé o ò ní sọ fún un. Tí Iléyá bá ti kọjá, màá padà wá." Mo búra. Ó lo oògùn díẹ̀, ara tù ú, ló bá pa á tì.

Iléyá kò tíì dé tí ìyá rẹ̀ fi wá láti Ìsẹ́yìn, ó wá wo ọmọ tuntun. Ìyá se ẹ̀kuru fún Rájí. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó dìde pé kóun lọ fọwọ́, ó ṣubú lulẹ̀. Ká tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. A sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ha! Ta ni ìyàwó rẹ̀ ì bá fẹ̀sùn kàn bí kò ṣe ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀? "Ẹ ti jẹ ọmọ yín tán," ló ń pariwo lójú gbogbo àdúgbò, "ẹ ò ní rí àwọn ọmọ mi jẹ!" Bí wọ́n ṣe lé ìyá náà padà sí Ìsẹ́yìn nìyẹn.

Láti ìgbà náà, tí àwọn ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ níbi iṣẹ́, ohùn Rájí ni mo ń gbọ́. Bí mo bá rí ìyàwó rẹ̀ ní Bọ́ládé, ṣe ni mò ń yà gba ibòmíràn. Tí mo bá sọ fún un báyìí, ṣé kò ní bi mí ìdí tí mi ò fi sọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè? Kí ni màá wí? Ṣé ìbúra tí mo ṣe fún Rájí kò sì tẹ̀ lé e wọ sàréè ni?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, ìyá náà pè mí lórí fóònù. Kò sunkún rárá. "Ọmọ mi," ó ní, "mò ń ro ẹ̀kuru yẹn. Bóyá mi ò ṣa ẹ̀wà yẹn dáadáa. Àbí èmi ni mo pa á lóòótọ́, tí mi ò mọ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá ti ń gba ẹ̀sùn náà gbọ́.