Èmi Ni Mo Fi Amí Sínú Kọ̀ǹpútà Hameedah

Hameedah, aya mi, jókòó. Bọ̀sún, ìwọ náà jókòó. Má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ kan ti rà nínú mi, òórùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ tí Tolúwani, ọmọ wa, bí. Lónìí ni n óò bì í.

Èmi Akínwùmí ni mo fi amí sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ. Kì í ṣe olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan. Nígbà tí ò ń gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Eleko ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, o ní ò ń gba ohùn bàbá rẹ sílẹ̀, kí oríkì ìdílé Odùbánjọ má bàa parun. Mi ò gbà ọ́ gbọ́. Mo ní ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí o bá tẹ̀, gbogbo ohùn tó bá dún nítòsí kọ̀ǹpútà rẹ, íméèlì mi ni amí náà ń gbé e wá. Inú mọ́tò ni mo ti ń gbọ́ ọ, nínú gosiló ojú ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì. Kí ni mo gbọ́? Bàbá tó ń fi èdè Ìjẹ̀bú ki ọmọ rẹ̀. Bàbá tó ń ṣàdúrà fún ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń dárúkọ mi! Mo gbọ́ àdúrà náà tán, mi ò sì yọ amí náà. Ara mi ń rí mi lára.

Lẹ́yìn ikú Bàbá, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn, tí ò ń gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń falẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbìyànjú láti yọ ẹ̀gbin náà, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á rẹ́, tí mo tún tan kọ̀ǹpútà, á ti padà. Ìgbà yẹn lo pe Bọ̀sún, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ajah. Ó wò ó, ó ní, "Àǹtí, èyí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì lásán o. Ẹnìkan ló fi nǹkan síbí, ó ń ṣọ́ yín. Àfi ká nu gbogbo ẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì yín sínú háàdì mi, kí n sì wo íméèlì ẹni tí nǹkan náà ń fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí."

Íméèlì tèmi ni yóò rí. Bí o ṣe wọlé lọ kírun Àsárì, mo súnmọ́ ọn. Mo ní, "Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Mo ti kó gbogbo fáìlì àǹtí ẹ pamọ́ sí ọ́fíìsì. Nù ún kíá." Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú? Tí mo bá nù ún, ó lọ nìyẹn o." Mo ní kó nù ún. Irọ́ ni! Mi ò kó ohunkóhun pamọ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo bí ohùn bàbá rẹ ṣe ń parẹ́, ara sì tù mí pẹ̀sẹ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. O jáde, o wá ohùn Bàbá, o ò rí i, o sì figbe ta. Bọ̀sún wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kó o pamọ́." Mo ní, "Èmi? Ìgbà wo ni mo bá ẹ sọ ọ́?" Ó dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì yìí, ó ń bẹ̀ ọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Mo pe àwọn sẹ́kọ́rítì ẹnu géètì, mo ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọ VGC, ẹ́sítéètì wa yìí, mọ́. Bọ̀sún, tí o bá fẹ́ tutọ́ sí mi lójú, ojú mi rèé.

Níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ní kí o fi oríkì ìdílé yín ki ọmọ náà. O bẹ̀rẹ̀, o sì dúró láàárín. O ní, "Bàbá mi ló mọ ìyókù. Mo ti ń gbàgbé ohùn wọn gan-an." Mo wá Bọ̀sún lọ sí Ajah. Kí n tó yanu, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé Àǹtí ti dárí jì mí?"

Hameedah, ohùn Bàbá ò parun. Gbogbo ohun tí amí náà gbé wá ṣì wà nínú íméèlì mi, láti ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé tí mo bá fún ọ, wàá bi mí níbi tí mo ti rí i. Mo wá yàn án kí bàbá rẹ dákẹ́, kí ojú má bàa tì mí. Mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́, síbẹ̀ mo bẹ̀ ọ́. Bọ̀sún, mo bẹ ìwọ náà. Bá a kó o sí háàdì méjì, kí ọ̀kankan má sì sí lọ́wọ́ mi.

Fóònù mi rèé, ohùn náà ti wà níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́. Bàbá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹkún tí wàá gbọ́ lẹ́yìn ohùn wọn, ìwọ lo sun ún. Mo gbọ́ ọ nínú mọ́tò mi lọ́jọ́ náà, mo sì fò ó kọjá, torí ohùn ọkùnrin mìíràn ni mò ń wá.