Bàbà Ni Mo Ní Kí Ẹ Fi Sí I

Ẹ dúró ná, ọkọ mi, ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn àpótí iná yẹn! Kí ni mo rí tó ń dán funfun nínú ẹ̀ yẹn? Ṣé ojú mi ni àbí oòrùn Òṣòdì? Ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ yàrá yìnyín mi, bàbà ni mo ní kí ẹ fi ṣe wọ́n, èmi Wàsílátù, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, bàbà pupa, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbí a ò jọ sọ ọ́? Ẹ ní alumíníọ̀mù fúyẹ́, ẹ ní kò wọ́n, ẹ ní tó bá ṣáà ti nípọn dáadáa á gbé iná. Mo ní ẹ jẹ́ á lọ bi Mùnírù oníbúrẹ́dì léèrè n'Ísọlọ̀, tí wọ́n fi irú ẹ̀ sí tiẹ̀, tí nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀ dẹ̀, tó ń gbóná, tó ń gbóná, títí gbogbo àpótí fi jó dúdú. Búrẹ́dì ni tiẹ̀ o, ó lè tún ìyẹ̀fun mìíràn pò. Èmi ńkọ́? Ẹja òkú Èkó tí mo fẹ́ kó kún yàrá yìí, tí iná bá já, kí n tó rí ẹni tún un ṣe, òórùn ẹ̀ á ti dé ojú irin. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́. Ṣé inú ìṣẹ́ tí mo ti jáde ni kí n padà sí?

Kí lẹ wí? Mo pè yín lólè? Astafurulai! Ta ló gbọ́ ọ? Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ ẹ̀ lólè. Àdúmáradán ni mò ń pè yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé yín, òun náà ni mo ṣì ń pè yín. Àdúmáradán, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni bàbà mi wà?

Ẹ ní kí ni? Pé bàbà náà ni, wọ́n kàn fi nǹkan funfun bò ó lára, kí omi iyọ̀ ẹja má baà jẹ ẹ́? Ọ̀rọ̀ rèé! Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì ti tò lọ bẹẹrẹ ní Àpápá, kò sóhun tí wọn kì í sọ fún èèyàn nílùú yìí mọ́. Gbogbo ayé di màgòmágó tán, ẹni bá ti lè tan ẹnìkejì ẹ̀ jẹ a fẹ́ tàn án! Èyí tí mo gbé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù n'Ídúmọ̀tà, ó pupa, ó wúwo, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ta ló wá lọ fi ẹfun kùn ún? Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ tí mo lọ kí ìyá mi n'Ìwó lẹ tò ó? Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, ṣé ó mọ̀ sí i? Àná ló ń bi mí bóyá mo ti wo inú ẹ̀, mo ní rárá, ó kàn bọ́ síta. Kí ló ń sá fún?

Ẹ má bá mi jiyàn mọ́. Fáìlì tí ẹ fi ń rin irin wà nínú báàgì yín. Iná ò tíì wọ inú ẹ̀, kò ní gbé yín. Ẹ rin ọ̀kan lójú mi.

Ẹ rin ín. Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ ọn... sí i... Háà! Yéè, ó pupa! Wọ́láì, ó pupa! Ha! Ha ha ha! Ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, ẹ forí jì mí, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ o!

Ó dáa. Ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Mẹ́ta ló kù níbẹ̀ yẹn, ẹ bá mi rin wọ́n. Kí lẹ tún wí? Pé tí ẹ bá rin gbogbo wọn, funfun tí wọ́n fi bò ó á bọ́?

Kó bọ́!