Omi Tó Kún Àyà Mi

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n lè nàró kí n sì tún máa sọ̀rọ̀. Méjèèjì ò ṣeé ṣe pa pọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú tó ń ṣe mí ti tàn káàkiri. Mi ò fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n omi ló fẹ́ pa mí. Omi yí ẹ̀dọ̀fóró mi ká, kò jẹ́ kó ráyè fẹ̀. Láti ilé wa ní Thamesmead dé ibi tá a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ńṣe ni mò ń dúró bí ẹni tó ń ka ilé onílé. Mi ò lè dùbúlẹ̀, orí àga ni mò ń sùn.

Ní ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ ẹ̀gbẹ́ àyà mi, wọ́n ní kó máa wà níbẹ̀, ká máa fa omi náà sínú ìgò nílé. Wọ́n kọ́ Bùkọ́lá ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fà á, omi jáde bíi tíì tí kò ní mílíìkì, mo sì jẹ ẹ̀bà gbádùn lọ́jọ́ yẹn.

Ó wá di Sátidé kan. Bùkọ́lá so ìgò mọ́ rọ́bà, omi ò wá. Èémí mi ti ń kúrú. Ó ní ká padà sí ọsibítù, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Èmi ń lé ọ̀tá, mò ń pàṣẹ fún un kó jáde kúrò láyà mi. Nígbà tó yá, èémí àdúrà gígùn tán. Mo kàn ní, "Bàbá, rán ẹnì kan sí mi."

Bùkọ́lá pe àwọn nọ́ọ̀sì. Ọmọge kan ló wá, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Plumstead nílùú Ọba níbí. Kò fọwọ́ kan ìgò. Ìró tí mo so mọ́ àyà ló ń wò, bí gbogbo àwa ìyá ṣe ń so ó nílé.

"Mummy, ẹ má bínú. Ẹ tú ìró yẹn, ẹ so ó mọ́ ìdí. Ó ti tẹ rọ́bà yín pa."

Mo tú u, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àṣé ìró ara mi ni mo ti ń pè ní ọ̀tá láti àárọ̀. Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún.

Pásítọ̀, àìsàn náà ò tíì lọ. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Èémí ni mo béèrè, èémí ni Ọlọ́run fún mi. Mo ti ń dùbúlẹ̀ sùn. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.

Ẹ má tíì pariwo Halelúyà. Ẹ kọ́kọ́ bá mi mí sínú, kó kún àyà yín dáadáa. Ṣé ẹ rí i pé kò ni yín lára? Ó yá, ẹ fi èémí yẹn bá mi yin Ọlọ́run.