Èmi Ni Mo Gé Fáìlì Bàbá Tíṣà, Ìyàwó Mi Ló Ru Ẹ̀bi Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ohun kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mélòó kan. Ìyàwó mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀. Ìyá tó bí mi ní Inísà kú láìmọ̀.

Ohun tí Tósìn, ọmọ wa obìnrin, sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé sí yín. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà kan sí iléèwé rẹ̀, wọ́n sì bi àwọn ọmọ pé òbí ta ló mọ̀ ọ́n lò. Ó dé ilé, ó ní òun dáhùn pé bàbá òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìyá òun kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì. Kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. 

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ òtítọ́. Ìyàwó mi mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ fíìfíì. Fọlákẹ́ ni n ó máa pè é níbí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan náà la lọ, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń tì mọ́ yàrá, tí a gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà ká tó wọlé tọ̀ ọ́. Mo máa ń wo iṣẹ́ rẹ̀ kọ nígbà náà. Lẹ́yìn tí a fẹ́ra, a ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkìrun, lójú ọ̀nà Inísà. Ìwé ìdánwò àwọn iléèwé la ń tẹ̀, àti ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú.

Àyè inú kọ̀ǹpútà wa kéré, iṣẹ́ àwọn oníbàárà sì pọ̀. Fọlákẹ́ jókòó, ó kọ ètò kan tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé, tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo wọn. Ibi tó le jù nínú rẹ̀ ni ibi tó ń gé fáìlì kúrú. Tí ẹnì kan bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, fáìlì náà gbọ́dọ̀ kúrú, kí àyè tó ṣẹ́ kù lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ètò Fọlákẹ́ kì í déédéé gé e. Á kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan pé fáìlì báyìí ni òun fẹ́ gé, ibi báyìí sì ni òun máa gé e dé. Lẹ́yìn náà ni á tó gé e. Tí iná bá lọ lójijì, nígbà tó bá dé, ètò náà á lọ ka ohun tó kọ sílẹ̀, á sì mọ bí òun ṣe máa tún nǹkan ṣe. Ó dà bí ẹni tó ń lọ sóko tó sọ ọ̀nà tí òun gbà fún ará ilé. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí kò dé, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n ti máa wá a.

Ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Mo sọ fún un pé kó gé ètò náà kúrú.

"Bàbá Tósìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀," ó wí. "Ibẹ̀ ló ń gbà wá lọ́wọ́ iná."

Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe pé ó lọ́ra nìkan ló ń dùn mí. Tí oníbàárà bá wọlé, á ní, "Ìyá Tósìn ńkọ́?" Tí mo bá ní èmi náà lè ṣe é, á ní òun á dúró dè wọ́n. Ọ̀gá iléèwé kan sọ ọ́ lójú mi pé ìyàwó mi ló ni ọpọlọ iṣẹ́ náà. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára.

Nígbà tó yá, ìyá Fọlákẹ́ ṣàìsàn ní Eko Ende, ó sì lọ tọ́jú wọn. Èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tọ́jú ẹ̀dà ètò náà síbì kan, mo wá ṣí i. Mo yọ gbogbo ibi tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ kúrò. Mo jẹ́ kó máa sọ fáìlì di òfo lẹ́ẹ̀kan, kó wá máa tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó kún ojú ìwé di ìlà díẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ó sì ń sáré. Mo dán an wò títí, kò yẹ̀. Iná kò lọ nígbà tí mo ń dán an wò, mi ò sì rò ó débẹ̀.

Nígbà tí Fọlákẹ́ dé, ó ní, "Ó jọ pé màṣíìnì yìí ti ń yára o."  Mo fẹ́ kí ètò tèmi pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó fi yangàn pé èmi ni mo ṣe é.

Bàbá kan wà ní Òkukù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ojú wọn ti fọ́. Ìyàwó wọn ti kú. Awakọ̀ tó bá gbé wọn wá láti Òkukù á fà wọ́n lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á jókòó ti Fọlákẹ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Ìtàn ìyàwó wọn ni wọ́n ń sọ. Bó ṣe rẹ́rìn-ín nínú ìsìn títí wọ́n fi lé e síta. Bó ṣe máa ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ jà bí ẹni ń bá orogún jà. Orúkọ tó sọ ọmọ wọn àkọ́kọ́, tí kò pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó fi kú, tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé.

Bàbá sọ fún wa pé ìrántí àwọn ti ń jò, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń kánjú. Wọn kò fẹ́ ká tẹ ìwé náà sórí bébà títí yóò fi parí. Wọ́n ní tí àwọn ọmọ bá rí i lábọ̀, kálukú á máa tún un ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni Fọlákẹ́ dà sórí fúlọ́pì, àwo pẹlẹbẹ tí a ń da fáìlì kọ sí nígbà náà. Ètò rẹ̀ ló fọkàn tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ní, "Ọmọ mi, yọ ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìjà wa yẹn kúrò. Èmi ni mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwọn ọmọ máa kà á." Fọlákẹ́ yọ ọ́. Bó ṣe ní kí kọ̀ǹpútà tọ́jú rẹ̀ báyìí, iná lọ.

Fọlákẹ́ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bàbá má mikàn, pé ètò náà máa mọ ohun tó máa ṣe. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ètò tirẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́.

Iná dé. Fáìlì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀.

Fọlákẹ́ yíjú sí mi. "Ibo ni mo ti ṣì í?" Èmi ọkọ rẹ̀ ló bi. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ojú tì mí. Mo ní, "Bóyá ibi tó o ti kọ bó ṣe ń gé fáìlì ni kò pé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kọ́ nìyẹn. Nígbà tó sin Bàbá lọ sí gáréèjì, mo dá ètò tirẹ̀ padà bó ṣe kọ ọ́, mo sì pa tèmi rẹ́. Ọjọ́ kejì tó ṣí i, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀.

Ó kà á, ó tún un kà. Ó ń fa wáyà iná yọ fúnra rẹ̀ láti dán an wò, fáìlì kan kò sì sọnù. Ó rù. Ó ń kà á lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, mo sì ń wò ó. Lọ́jọ́ kan ó pa màṣíìnì náà, ó ní, "Bàbá Tósìn, mi ò rí i. Ẹni tí kò lè rí àṣìṣe ara rẹ̀ kò yẹ kó máa tọ́jú nǹkan ẹlòmíràn."

Bàbá Tíṣà kò bínú. Wọ́n ní, "A ó tún un sọ." Wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n á sọ ìtàn ewúrẹ́ tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Kí ni mo sọ fún ẹ pé Ìyá pe ọmọ yẹn?" Fọlákẹ́ fẹnu sí wọn létí, ó sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ń pe orúkọ náà lóhùn jẹ́jẹ́ títí tí awakọ̀ fi dé. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n wá nìyẹn. Ìròyìn ikú wọn la gbọ́.

A lọ sí ìsìnkú ní Òkukù. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ wọn bèèrè ìwé náà, torí Bàbá ti sọ fún gbogbo wọn pé ó ń bọ̀. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́." Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà kan gbé mi dìde, wọ́n súre fún mi, wọ́n ní ọkọ rere ni mí tí mi ò dá ìyàwó mi dá ìtìjú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Fọlákẹ́ kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Iléeṣẹ́ kan ránṣẹ́ pè é láti Ìbàdàn, ó kọ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A, B, D ní Inísà. Èmi ni mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ètò rẹ̀ ni mo sì fi ń jẹun títí dòní. Iná ń lọ, iná ń dé. Fáìlì kankan kò tíì sọnù.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ sọ fún un láìmọye ìgbà. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù pé á kọ̀ mí sílẹ̀ nìkan. Mo mọ ìbéèrè tó máa bi mí. Kò ní bi mí nípa ètò. Á bi mí pé, "Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀?" 

Òun gan-an máa ń ra ìwé ìròyìn yín, ojú ewé yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, á mọ̀ pé òun ni kó tó kà á dé ìdajì. Mo ti ronú pé kí n jẹ́ kó gba ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí ẹ̀yin bá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojo náà ló tún fẹ́ sá pamọ́ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ bá mi dá sí i. Obìnrin tó ti gbà pé òun ò mọ nǹkan kan, tí ọkàn rẹ̀ sì ti gba bẹ́ẹ̀, ṣé mo lè sọ fún un báyìí pé kò sí àṣìṣe kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Tíṣà, tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín lára, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ dáríjì mí. Ẹ má bínú sí obìnrin yẹn mọ́. Òun nìkan ló ṣì mọ orúkọ àkọ́bí ìyá yín.